Google Maps, Soundscape àti ọ̀pá oníbátìrì fún afọ́jú: ibi tí wọ́n ń múni dé, ibi tí wọ́n ti ń fini sílẹ̀

Sátẹ́láìtì lè mú afọ́jú dé àdúgbò, ó sì lè mú un dé títì tó ń wá. Ẹnu géètì ni kò lè mú un dé. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kó tó yọ owó lápò kò ní pàdánù púpọ̀.

Google Maps lórí fóònù Android la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì gba kọ́bọ̀ ju owó dátà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ la ó kan ọ̀pá oníbátìrì tí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun máa ń fẹ́ rà ránṣẹ́ sílé, àti Soundscape, áàpù tó ń fi ìró tọ́ni sọ́nà, tí Microsoft pa tì àmọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń rìn. Ojú títì Èkó àti Ìbàdàn la fi ń wọ̀n wọ́n: gọ́tà tí kò ní ìdérí, ilé tí kò ní nọ́ńbà, ọ̀kadà tó ń gba ibi tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà.

Lábẹ́ ojú ọ̀run gbalasa, GPS inú fóònù, ohun tó ń gba àmì sátẹ́láìtì, máa ń fi nǹkan bíi mítà 5 ṣì ibi téèyàn dúró sí gan-an. Mítà 5 kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tó ríran; yóò gbójú sókè, yóò sì rí ṣọ́ọ̀bù tó ń wá. Ṣùgbọ́n títì tí mọ́tò méjì lè fi yà fún ara wọn kò ju bíi mítà 7 lọ. Ìyẹn ni pé fóònù kò lè sọ fún yín bóyá apá ọ̀tún títì lẹ wà tàbí apá òsì, bóyá ẹ ti kọjá géètì tàbí ẹ kò tíì dé e. Ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Broad Street, níbi tí ilé gíga ti há títì mọ́ra, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Àmì tó ń bọ̀ láti ọ̀run á kọ́kọ́ lu ògiri kó tó kan fóònù, fóònù á rò pé ọ̀nà tí àmì náà rìn jìn ju bó ṣe jìn lọ, á sì gbé yín fò sí títì kejì nígbà tí ẹ dúró lójú kan. Kò sí áàpù tó lè wo èyí sàn, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́, ì báà jẹ́ olówó gọbọi, torí omi inú kànga kan náà ni gbogbo wọn ń pọn. Fóònù tó bá ń gba oríṣi àmì sátẹ́láìtì méjì, L1 àti L5, pọ̀ máa ń sàn díẹ̀ láàárín ilé gíga. Bí ẹ bá fẹ́ ra fóònù tuntun, ẹ ní kí wọ́n bá yín wo ìyẹn kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà.

Bí ẹ ó ṣe tò ó

Ẹ lọ sí Settings, Accessibility, kí ẹ tan TalkBack, ohùn tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù síni létí. Ẹ tan shortcut rẹ̀ pẹ̀lú, kó lè jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ohùn méjèèjì pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, yóò kú tàbí kó tàn. Ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé fóònù fún ẹni tó ríran kó bá yín wo nǹkan, tí TalkBack kò sì jẹ́ kí ọwọ́ onítọ̀hún ràn án.

Nínú Maps, ẹ tẹ àwòrán tó dúró fún yín lókè, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Navigation, kí ẹ wá fi ìka méjì wọ́ ojú fóònù sókè títí ẹ ó fi dé Walking options. Ibẹ̀ ni Detailed voice guidance wà. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni Google gbé e jáde, ó sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà àti èdè Japan ní Japan. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbìyànjú láti yí èdè fóònù sí English (United States), kí ẹ padà wá wò ó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn yìí àti èyí tí gbogbo ayé ń lò kì í ṣe kékeré. Ohùn ti gbogbo ayé máa ń sọ pé kí ẹ yà, á sì dákẹ́ lọ gbári títí di ìgbà tí ẹ ó tún yà. Ẹni tó ríran kò ní ka ìyẹn sí. Ẹni tí kò ríran ló máa rin ìdákẹ́jẹ́ mítà 400 láìmọ̀ bóyá ojú ọ̀nà lòun wà tàbí òun ti wọ ọgbà mẹkáníìkì. Detailed voice guidance máa ń sọ iye tó kù kí ẹ yà, á fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ojú ọ̀nà lẹ wà, á sọ fún yín bí ẹ bá ti kúrò lójú ọ̀nà, tí òun sì ń wá ọ̀nà míì, á sì kìlọ̀ kí ẹ tó dé oríta ńlá. Lójú tiwa, òun nìkan ló sọ Google Maps di nǹkan tí afọ́jú lè gbé jáde. Láìsí i, kí ẹ fi fóònù sílẹ̀ kí ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn.

Ohùn náà kò gbọ́ Yorùbá ṣá. Lóòótọ́, ní oṣù keje ọdún 2019, Google fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Nàìjíríà sínú Maps, ó sì gba etí. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ àmì ohùn sórí orúkọ títì nínú máàpù, ohùn Amẹ́ríkà á sì máa pe orúkọ bàbá yín bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Adeniji Adele wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Adeniyi Jones wà ní Ìkẹjà. Bí ẹ bá fi etí kan gbọ́ ìdajì orúkọ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ Start, ẹ gbọ́ iye kìlómítà àti iye wákàtí. Bí ibi tí ẹ mọ̀ pé kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ bá di wákàtí mẹ́ta, orúkọ míì ni ẹ tẹ̀.

Ibi tó ti ń dàrú

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú: "Head northeast." Ta ló mọ ibi tí northeast wà? Fóònù fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí ẹ kọjú sí nígbà tí ẹ bá dúró. Kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ ló ń gbára lé, òòfà sì ni kọ́ńpáàsì ń fi ṣiṣẹ́. Páálí fóònù tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, géètì onírin, mọ́tò tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín, gbogbo wọn ló ń fà á sọ́dọ̀. Ẹ yọ páálí onímágínẹ́ẹ̀tì kúrò kí ẹ tó jáde. Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ẹ di fóònù mú, kí ẹ fi ọwọ́ ya nọ́ńbà 8 nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ rin bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí apá kan tó dára, torí ìgbà téèyàn bá ń rìn ni GPS tó mọ ibi tó dorí kọ. Bí iye mítà tí ohùn ń pè bá ń dín kù, ọ̀nà yín nìyẹn. Bó bá ń pọ̀ sí i, ẹ yí padà. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ooru oòrùn lójú lè sọ ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn fún yín kíákíá ju kọ́ńpáàsì lọ. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá ti wà láàárín orí, kò wúlò.

Dátà ni èkejì. Èèyàn lè wa máàpù Èkó sórí fóònù kó máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ti awakọ̀ nìkan nìyẹn. Máàpù tí ẹ wà sílẹ̀ kì í júwe ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ẹ bá tẹ Start. Bó bá já lójú ọ̀nà, ìtọ́sọ́nà tó ti wọlé sábà máa ń bá a lọ, àmọ́ ní kété tí ẹ bá ṣìnà báyìí, kò ní rí ọ̀nà míì wá fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn nílé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kì í ṣe ní bọ́sítọ́ọ̀pù.

Bí ohùn bá wá dákẹ́ lójijì nígbà tí ojú fóònù kú, tí dátà sì wà, fóònù fúnra rẹ̀ ló pa áàpù kó lè fi bátìrì pamọ́. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń ṣe èyí. Settings, Apps, Maps, Battery, kí ẹ yàn Unrestricted. Ẹ ṣe bákan náà fún TalkBack àti fún ẹ̀rọ ohùn Google. GPS pẹ̀lú Bluetooth máa ń fa bátìrì gan-an, nítorí náà power bank 10,000 mAh inú báàgì kì í ṣe àṣejù fún ẹni tó máa rin ìrìn àárọ̀ dé alẹ́.

Ẹ má di fóònù mú lọ́wọ́ ní Ọ̀ṣòdì. Kò sí ẹni tí a ó ṣe àlàyé ìyẹn fún. Àpò àyà ló dára jù: ó sún mọ́ ojú ọ̀run, àmì sì ń rọrùn láti gbà níbẹ̀ ju ìsàlẹ̀ báàgì tí ike oúnjẹ àti ìwé bo mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kan á wà fún ọ̀pá, ọwọ́ kejì á sì ṣófo fún ògiri tàbí èjìká ẹni tó fẹ́ ran yín lọ́wọ́.

Earpiece ńkọ́? Èyí tó ń dí ihò etí kò dára rárá. Bí ẹ bá sì fi ọ̀kan ṣoṣo sí etí kan, ẹ ṣì ti ba nǹkan jẹ́, torí etí méjèèjì ló ń para pọ̀ mọ̀ apá ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀. Irú èyí tó ń jókòó sórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú etí, tó ń fi egungun gbé ohùn wọlé, bíi ti Shokz, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AfterShokz tẹ́lẹ̀, ló yẹ. Etí á ṣófo fún títì. Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ máa ń rì nínú ariwo danfó àti lílù fèrè. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìtọ́sọ́nà kan, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ fọwọ́ kan òkè ojú fóònù, TalkBack á ka èyí tó wà níbẹ̀ fún yín.

Ohun tí máàpù kò mọ̀ náà pọ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti ti géètì Estate láti aago mẹ́wàá alẹ́. Ní Ìkòròdù Road, ó lè sọ pé kí ẹ kọjá sí òdì kejì, kó má sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lórí yín. Mọ́tò ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó ríran tàbí kò ríran. Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ pé kí ẹ kọjá títì ńlá, ẹ ka ìtọ́sọ́nà náà sí ìròyìn, kì í ṣe àṣẹ. Ẹ béèrè ibi tí afárá wà. Bó bá jẹ́ ti wíwọ mọ́tò ni, kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo "Yábà, Ojúẹlẹ́gba, Stadium" ń kéde bọ́sítọ́ọ̀pù ju fóònù kankan lọ, kì í sì í gba dátà.

Mítà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa kò ní nọ́ńbà, èyí tó sì ní i lè ní méjì. Plus Code ló ń bo àṣírí níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró síbì kan tí ẹ tẹ àmì aláwọ̀ búlúù tó dúró fún yín nínú Maps, yóò fún yín ní kóòdù kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ kóòdù tó wà ní Èkó ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6FR5, ọ̀pọ̀ jù lọ ti Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6FV5, àmọ́ áàpù sábà máa ń gé mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí kúrò, á fi orúkọ ìlú dípò rẹ̀. Kóòdù tó pé lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́wàá ń tọ́ka sí àyè tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó mítà 14. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan kún un, ó di nǹkan bíi mítà 3. Èèyàn lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹni fi nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbà á ló ṣe pàtàkì. Ẹ má gba kóòdù nínú pálọ̀, torí páànù àti dẹ̀kín máa ń bo àmì mọ́lẹ̀. Ẹ jáde sí iwájú géètì, ẹ dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ̀rọ fara balẹ̀, kí ẹ tó gbà á. Géètì la sọ, a kò sọ òrùlé. Maps máa ń wá títì tó sún mọ́ àmì yín jù, ibẹ̀ ló sì máa parí ìrìn sí. Bí ilé bá wà láàárín títì méjì, tí àmì sì bọ́ sí àárín òrùlé, ó lè gbé yín lọ sí títì ẹ̀yìn, kó ní ẹ ti dé, kí ẹ máa fọwọ́ pa fẹ́ǹsì tí kò ní ilẹ̀kùn. Bí aṣọ́nà kan bá sọ fún yín pé áàpù yìí kò dára, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n fi àmì sí.

Bí ẹ bá ń fi kóòdù pamọ́, ẹ kọ ohun tí ọ̀pá àti etí lè rí mọ́ ọn: "lẹ́yìn ìdérí gọ́tà kejì, géètì onírin tó ní ihò lẹ́tà". Ohun tí kì í kúrò lójú kan ni kí ẹ lò. Òórùn àkàrà dára láàárọ̀ títí ìyá alákàrà á fi gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sílé. Ariwo kọ̀mprẹ́sọ̀ fọkanáísà kì í sí lọ́jọ́ Àìkú. Òpó iná, bọ́ǹpù tó ń dín eré ọkọ̀ kù, ibi tí kóńkéré ti parí tí yanrìn bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyẹn ni kì í lọ síbi ayẹyẹ.

Ọ̀pá oníbátìrì

Ọ̀pá funfun ń rí ilẹ̀. Kì í rí ohun tó wà láti ìgbáròkó lọ sókè: ẹ̀yìn tírélà tó yọ sójú títì, pákó àkọlé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ka igi, fèrèsé onírin tí wọ́n ṣí síta. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá oníbátìrì. Ó ń rán ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ jáde, gẹ́gẹ́ bí àdán ti ń ṣe, ó sì ń ka àkókò tí ìró náà fi padà. Ohun tó wà ní mítà 2, ìró rẹ̀ á padà láàárín nǹkan bí ìdá 1 nínú 85 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ ọ̀pá á wá gbọ̀n. Bí nǹkan bá ṣe ń sún mọ́ ni gbígbọ̀n náà ń yí padà.

Mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ orúkọ wọn. UltraCane wá láti inú iṣẹ́ ìwádìí Yunifásítì Leeds ní ìlú Òyìnbó. Ó ń rán ìró méjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sókè, bọ́tìnnì méjì lábẹ́ àtàǹpàkò sì ń gbọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iwájú ni ewu wà tàbí orí. WeWALK wá láti Turkey, ìwé ìròyìn TIME sì kà á mọ́ àwọn nǹkan tuntun tó dára jù ní 2019. Ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Bluetooth, èèyàn sì lè fi ìka darí áàpù láti ọwọ́ ọ̀pá. SmartCane ni ẹ̀kẹta, tí IIT Delhi ní Íńdíà ṣe tó sì jáde ní 2014. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti àwọn méjì àkọ́kọ́, torí tálákà Íńdíà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ó ń rí ohun tó wà títí dé mítà 3 níta, wọ́n sì lè dín in kù sí mítà 1.8 nínú ilé kó má baà máa gbọ̀n nítorí gbogbo àga. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra ọ̀kan, SmartCane ni à bá kọ́kọ́ wò. Ohun tí ẹ ń sanwó fún ni gbígbọ̀n, kì í ṣe áàpù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa kí ẹ tó sanwó: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń rí ihò. Gọ́tà tí kò ní ìdérí, àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀, kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún páìpù, iwájú àti òkè ni ìró ń lọ, ìsàlẹ̀ kò kàn án. Ẹnu ọ̀pá ló ṣì ń rí ìyẹn. Ògiri tó dagun máa ń darí ìró síbòmíì, kó má padà. Aṣọ tó nípọn ń gbé ìró mì, nítorí náà ẹni tó wọ agbádá lè sún mọ́ yín ju ohun tí ọ̀pá rò lọ. Ẹ tún rò ó wò ní ọjà Bódìjà lọ́jọ́ tí èrò pọ̀: gbogbo èjìká jẹ́ ìdíwọ́, ọwọ́ ọ̀pá ò ní sinmi gbígbọ̀n, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọwọ́ yín á kú, ẹ kò sì ní fetí sí i mọ́. Ẹ pa á nínú ọjà, ẹ tàn án ní títì tí tírélà máa ń dúró sí. Òjò àti ekuru ọyẹ́ máa ń bo ojú ibi tí ìró ń gbà jáde. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe omi. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo ju ti ọ̀pá lásán, ọrùn ọwọ́ á sì máa jẹ́rìí sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àti pé bí iná kò bá sí lálẹ́, ọ̀pá gbowólórí á di ọ̀pá lásán tó wúwo láàárọ̀.

Ẹni tó fẹ́ rà á ránṣẹ́ láti London tàbí Houston, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí ẹ ń rà á fún ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá lásán. Bí kò bá tíì kọ́ ọ, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Federal Nigeria Society for the Blind ní Ọ̀ṣòdì ń kọ́ àwọn àgbà tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ìrìn sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn.

Soundscape, àti ewu ọ̀fẹ́

Soundscape la fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì já wa kulẹ̀ jù. Microsoft gbé e jáde lórí iPhone ní oṣù kẹta ọdún 2018. Kò pàṣẹ pé kí ẹ yà sí òsì. Ẹ máa fi àmì sí ibi tí ẹ ń lọ, ìlù kékeré kan á sì máa dún láti apá ibẹ̀ nínú earpiece: bí ibi náà bá wà lọ́tùn-ún, ọ̀tún lẹ ó ti gbọ́ ọ, bí ẹ bá kọjú sí i gan-an, ìró agogo á dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó wá ọ̀nà yín débẹ̀. Bí ẹ ti ń lọ, á máa pe orúkọ oríta àti ṣọ́ọ̀bù láti apá tí wọ́n wà. Ẹni tó mọ ìlú bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ pé afọ́jú wà nínú àwọn tó ṣe é.

Microsoft dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 2023. Ìdí tí kò fi kú pátápátá ni pé wọ́n tú ohun tó wà nínú rẹ̀ síta fún gbogbo ayé, àwọn míì sì gbé e dìde: VoiceVista àti Soundscape Community wà lórí iPhone, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ìmọ̀ràn tó ti ibẹ̀ jáde ni pé kí ẹ má fi gbogbo àmì yín sínú áàpù kan. Kóòdù Plus Code tí ẹ kọ sínú Notes kò ní bá iléeṣẹ́ kankan kógbá wọlé.

Máàpù OpenStreetMap ni Soundscape àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń kà. Àwọn èèyàn lásán ló ń yà á, látọdún 2004. Ìyẹn dùn ní ìlú London, níbi tí wọ́n ti ya gbogbo ibi ìkọjá. Ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà, áàpù á dákẹ́ bí ẹni pé inú igbó lẹ wà. Ọmọ àbúrò yín tó mọ kọ̀ǹpútà lè fi ọjọ́ Sátidé kan fi orúkọ títì, ṣọ́ọ̀bù oògùn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò yín síbẹ̀. Bó bá yá áàpù á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Nínú gbogbo àtúnṣe tí a sọ níbí, òun nìkan ló ń ṣe àǹfààní fún afọ́jú míì tó bá gba àdúgbò náà kọjá.

Be My Eyes, tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark ní 2015, ń fi fídíò so yín pọ̀ mọ́ ẹni tó ríran tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Lookout ti Google ń ka àkọlé. Àwọn méjèèjì dára láti mọ èyí tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù nọ́ńbà 14 nígbà tí ẹ bá ti dé iwájú rẹ̀. Ẹ má fi wọ́n kọjá títì: fídíò máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó, ọ̀kadà kì í sì í pẹ́.

Ọ̀pá funfun fúnra rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n dé egungun àárín àyà. Ti ẹni tó ń rìn kíákíá lè gùn díẹ̀ sí i. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń lọ síwájú, ẹnu ọ̀pá á wà lápá òsì, kó sì fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lórí kóńkéré, kí ẹ máa fi kan ilẹ̀ tó. Ní àdúgbò tí gọ́tà ti ṣí sílẹ̀, ẹ má gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ máa wọ́ ọ, ẹnu ọ̀pá tó tóbi tó ń yí bíi bọ́ọ̀lù ló sì dára fún ìyẹn, torí èyí tó tínrín máa ń há sínú ẹ̀là, á sì gún yín níkùn. Yanrìn àti òkúta ń jẹ ẹnu ọ̀pá kíákíá. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á tí apá kan ti pẹlẹbẹ, tàbí tí ìró rẹ̀ ti ń dà bí irin lórí kóńkéré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ ọ̀pá lọ́jọ́ kan náà láti ọwọ́ ẹni kan náà: àwọn kan ní ìkọ́ tó ń so mọ́ rọ́bà inú ọ̀pá, àwọn kan sì ń wọ ara ọ̀pá bí ìdérí bairó, ti iléeṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti èkejì.